Ǹjẹ́ ète tó ga ju owó lọ wúlò fún àjọ, àbí ọ̀rọ̀ ara ògiri lásán ni?

Olùkọ́ Alẹ́ (olùbéèrè):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo sì ní kí n gbé e wá síbí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti darí ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ rí, tí àwọn mìíràn sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ olórí rere àti olórí burúkú.

Èmi ni mo ń darí àjọ kékeré kan tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tí kò kàwé rí ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ni wá, ọdún kẹta sì nìyí tí mo gba ipò náà lọ́wọ́ ẹni tó dá àjọ náà sílẹ̀. Gbólóhùn kan wà tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara ògiri àbáwọlé wa: "Láti jẹ́ àjọ tó léwájú nínú ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn." Láràárọ̀ ni mo ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, n kò sì rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tó ràn mí lọ́wọ́ láti pinnu ohunkóhun.

Ohun tó fa ìbéèrè mi nìyí. Olówó kan tó máa ń ràn wá lọ́wọ́ fẹ́ fún wa ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ètò ìnáwó wa ọdọọdún, bí a bá lè fi iṣẹ́ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ kí a máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìdajì ìgbìmọ̀ alámòójútó wa ní kí a gbà á wàrà-wàrà, pé ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn náà kọ́ ni ìyẹn ni? Ìdajì kejì ń ráhùn, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi gbe ìráhùn wọn lẹ́sẹ̀. Èmi alára wà láàárín. Àwọn kan sọ fún mi pé ohun tí mo nílò ni ète tó yanjú, tó sì ga ju owó àti orúkọ lọ, pé bí mo bá ti ní i, ìpinnu yóò rọrùn. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé irú ète bẹ́ẹ̀ máa ń yí ohun tí ènìyàn ń ṣe padà ní ti gidi, àbí ọ̀ṣọ́ ògiri mìíràn ni a ó tún fi ọ̀dà tuntun kọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mọ sí ìmọ̀ràn nìkan; bí ẹ bá ní àpẹẹrẹ tí ẹ mọ̀ dájú, ẹ bá mi mú un wá.

Àgbà Akọ̀wé:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àníyàn. N óò kọ́kọ́ mú gbólóhùn ara ògiri yín. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìfowópamọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà: yóò bá gbogbo wọn mu. Ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo ayé mu kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé "èyí kì í ṣe tiwa". Ìdí nìyẹn tí ìdajì ìgbìmọ̀ yín fi lè fi í gba owó náà, tí ìdajì kejì kò sì rí èsì fọ̀. Bí ẹ bá tún wò ó dáadáa, ìyìn ni, kì í ṣe ète. "Àjọ tó léwájú" ń sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbé yín sí. Kò sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan.

Ní ti àpẹẹrẹ, èyí tí mo máa ń lò ni ti ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1943, Robert Wood Johnson tó jẹ́ olórí rẹ̀ kọ ìwé ojú-ewé kan tí wọ́n ń pè ní Credo. Bí ó ṣe to ìwé náà ló jẹ mí lógún: àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn àti àwọn ìyá tó ń lo ọjà wọn ló kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé wọn, ó sì fi àwọn tó ní ìpín ìdókòwò sí ìkẹyìn pátápátá. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, ènìyàn méje kú ní agbègbè Chicago nítorí pé ẹnì kan ti ki májèlé sáyánáìdì sínú oògùn Tylenol tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe. Oògùn náà ti kúrò lọ́wọ́ wọn kí ọwọ́ ìkà tó kàn án, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe tiwọn. Síbẹ̀, James Burke tó wà lórí oyè nígbà náà ní kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Nǹkan bí ìgò mílíọ̀nù 31 ni, ó sì ná wọn tó mílíọ̀nù 100 dọ́là. Nígbà tí oògùn náà padà sọ́jà, ìdè mẹ́ta ni wọ́n fi dì í, kí ẹni tó bá rà á lè rí i bí ẹnikẹ́ni bá ti tú u.

Ìtàn yìí gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ọdún mélòó kan kí wàhálà yẹn tó dé, Burke ti ń kó àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà jọ, ó ń ka Credo sí wọn létí, ó sì ń sọ fún wọn pé bí wọn kò bá gbà á gbọ́, kí wọ́n yáa já a kúrò lára ògiri. Wọ́n jiyàn títí. Nígbà tí májèlé wá dé, kò sí pé wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Wọ́n ti jà á parí nígbà tí ara rọ̀ wọ́n.

Ìbéèrè tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Láti ọdún mẹ́ta yìí, kí ni ohun tí ẹ ti kọ̀ nítorí gbólóhùn yẹn?

Ojúlarí:

Ẹ̀gbọ́n Àgbà Akọ̀wé, mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n n kò lè bá yín dé òpin ọ̀nà náà. Ilé-iṣẹ́ kan náà tí ẹ yìn yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti wọ́ lọ sílé ẹjọ́ lórí àtíkè ọmọdé tí wọ́n fi èròjà talc ṣe, tí wọ́n ní ó fa jẹjẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ń tẹnu mọ́ ọn pé kò léwu, síbẹ̀ ó dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ọdún 2020, ó sì dá a dúró jákèjádò ayé ní 2023. Credo wà lára ògiri ní gbogbo àkókò yẹn. Ìwé kì í dìde rìn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí Enron, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta gáàsì àti iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe àmì ìwà wọn: ọ̀wọ̀, ìwà òtítọ́, ìbánisọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ àṣeyanjú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ náà wó lulẹ̀ nítorí ìṣirò èké, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pàdánù owó ìfẹ̀yìntì wọn pẹ̀lú. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ète àjọ kan, mo ní kí ẹ fi ògiri sílẹ̀, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń kà. Ilé ìfowópamọ́ Wells Fargo máa ń sọ pé àwọn wà láti ran oníbàárà lọ́wọ́ kí owó rẹ̀ lè gún régé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni iye àkáǹtì àti káàdì tó ti fi mọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, mẹ́jọ ni wọ́n sì ń lé. Ní ọdún 2016 àṣírí tú pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣí nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àkáǹtì àti káàdì tó ṣeé ṣe kí àwọn oníbàárà má mọ ohunkóhun nípa wọn. Wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé ilé ìfowópamọ́ náà, òṣìṣẹ́ tí wọ́n sì ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lórí ọ̀ràn yìí tó 5,300. Èwo ni ète wọn nínú méjèèjì, ti ẹnu ni tàbí mẹ́jọ yẹn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Mo ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún ní àjọ aláàánú kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbàkígbà tí owó oṣù bá pẹ́, olórí wa á pè wá jọ, á mú lẹ́tà kan jáde tí ìyá ọmọ kan tí a ti ràn lọ́wọ́ kọ, á kà á. Omi á bọ́ lójú wa, ojú á sì ti ẹni tó ti fẹ́ béèrè owó ilé rẹ̀. Ìgbà kẹrin tó ka lẹ́tà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé etí ìwé náà ti pọ́n, pé ó sì ti ń ya níbi tí wọ́n ti máa ń ká a. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé kì í ṣe irọ́. Ọmọ náà wà, ìyá rẹ̀ sì dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ tí olórí ń sọ̀rọ̀ ète tó ga, ọjọ́ ìsanwó ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ojúlarí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín kò dára, n kò sì ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ mẹ́nu bà rán mi létí ìwádìí kan tí Adam Grant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2007. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ènìyàn lórí fóònù láti tọrọ owó fún yunifásítì náà. Iṣẹ́ náà ń sú ènìyàn, nítorí "rárá" ni ọ̀pọ̀ ń dáhùn. Wọ́n mú apá kan nínú wọn pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí irú owó bẹ́ẹ̀ ti fún ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n bi í léèrè ohun tó wù wọ́n. Lẹ́yìn oṣù kan, àkókò tí àwọn yẹn ń lò lórí fóònù ti fi ìdá 142 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, owó tí wọ́n ń rí gbà sì ti fi ìdá 171 lé. Àwọn tí wọ́n kàn fún ní lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ kà kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó, lẹ́tà nìkan kò ṣe nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ fẹ́ rí ènìyàn náà lójúkojú, kó sì lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, láìsí ọ̀gá tó dúró sí àárín wọn pẹ̀lú ìwé tó ti pọ́n létí.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ iṣẹ́ tèmi ni ti ilé ìwòsàn ojú Aravind, ní ìlú Madurai ní Íńdíà. Ọdún 1976 ni Dókítà Govindappa Venkataswamy dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ibùsùn 11, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ẹni ọdún 58. Àrùn oríkèé ara ti ká ìka ọwọ́ rẹ̀ kò láti nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ ọwọ́ yẹn náà ló fi kọ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Ète wọn ni pé kí ìfọ́jú tí kò yẹ kó wà má wà mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn yẹn. Kò sọ pé kí Aravind tóbi tàbí kó lókìkí. Ó dárúkọ ohun kan tó gbọ́dọ̀ tán láyé, ohun yẹn sì ṣeé kà.

Nítorí pé ó yanjú bẹ́ẹ̀, ó ń fi ohun tó dínà hàn wọ́n. Wọ́n rí i pé àkókò dókítà ló wọ́n jù, nítorí náà wọ́n to ibùsùn iṣẹ́ abẹ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: bí dókítà bá ń ṣe ojú ẹnì kan lọ́wọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń múra ẹni tó kàn sílẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn afọ́jú abúlé kò lè wá, wọ́n sì ń lọ bá wọn níbẹ̀. Wọ́n rí i pé dígí kékeré tí wọ́n ń fi sínú ojú, tó ń ti òkè òkun wá, ti wọ́n ju agbára tálákà lọ, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti máa ṣe é fúnra wọn. Owó tí àwọn tó lágbára ń san ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí kò ní. Ojúlarí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo èyí dáadáa, nítorí wọn kì í gbé apẹ tọrọ káàkiri kí iṣẹ́ tó lọ. Ète tó ga kò ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣírò owó pẹ̀lú ojú dídì.

Olùkọ́ Alẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè Àgbà Akọ̀wé kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ni pé n kò tíì kọ ohunkóhun rí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo pín ìwé pélébé fún gbogbo wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, mo ní kí olúkúlùkù kọ ìdí tí àjọ wa fi wà, láìwo ògiri, láìbi ẹnìkejì. Àwọn mẹ́sàn-án kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn: ẹni tó ń ṣètò kíláàsì kọ ọ́ pé kí kíláàsì máa lọ déédéé, ẹni tó ń bójú tó ìwé kọ ọ́ pé kí ìwé má wọ́n wa. Àwọn mẹ́ta kọ nǹkan tó fara jọ ti ara ògiri. Èmi tí mo jẹ́ olórí kọ ìlà mẹ́rin tí n kò lè kà jáde láìtijú. Akọ̀wé owó wa ló kù, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Ohun tó kọ nìyí: "Kí ẹni tó tẹ̀ka nígbà tó wọlé lè buwọ́ lùwé nígbà tó bá ń jáde."

Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó lọ gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ wá. Gbogbo ẹni tó bá wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló máa ń ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, tó ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, nítorí wọn kò mọ̀wé kọ. Obìnrin yìí ti ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka kọ̀ọ̀kan láti ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹni náà lè wá kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó bá kẹ́kọ̀ọ́ parí. Kò sí ẹni tó rán an. Ojú-ewé tó ṣí fún mi ní ìka ogún. Ìbuwọ́lùwé méje ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú ìròyìn tí mo ń kọ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ lọ́dọọdún, ogún ni mo máa ń kà. N kò mọ̀ pé méje wà.

Alárìnká:

Mo kàn fẹ́ fi ohun kan kún un, nítorí mo rò pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yín yóò sọ pé àjọ tí kò yí padà ni ó ń kú. Òótọ́ ni pé àjọ lè yí ète rẹ̀ padà. Ní ọdún 1938, Ààrẹ Franklin Roosevelt ti Amẹ́ríkà, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú lẹ́sẹ̀, dá àjọ tí a mọ̀ sí March of Dimes sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn náà. Owó wọn wà lára ohun tí Jonas Salk fi rí àjẹsára rẹ̀ ṣe, wọ́n sì kéde pé àjẹsára náà ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1955. Àjọ wá wà, àrùn ń lọ. Ní 1958 wọ́n darí iṣẹ́ wọn sí àbùkù ara tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ. Àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá ó yẹ kí wọ́n túká nígbà náà, èmi kò sì ní bá wọn dá sí i. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ jọ ti ń parí kí wọ́n tó yà sí òmíràn. Nínú ìwé tiyín, ìka mẹ́tàlá ṣì wà tí àyè ẹ̀gbẹ́ wọn ṣófo.

Ojúlarí:

Mo gbà fún obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ara ògiri, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ́kọ́ wo owó oṣù rẹ̀.

Olùkọ́ Alẹ́:

Ojúlarí, ẹ rín mi lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò ṣáájú nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó lánàá lórí ọ̀rọ̀ olówó wa. N kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ṣí ìwé náà síwájú wọn, mo sì ní kí wọ́n ka ọwọ́ òsì, kí wọ́n tún ka ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń sọ pé kí a gbà á wàrà-wàrà ló béèrè pé àwọn mẹ́tàlá yòókù ńkọ́. A kọ lẹ́tà sí olówó náà pé a dúpẹ́, pé a kò lè fi àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, pé bí ó bá fẹ́ kí apá kan nínú owó náà bá wa tọ́jú àwọn tó já sílẹ̀ láàárín, a ó fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kò tíì fèsì. Ó ṣeé ṣe kó bínú, a sì ti ń ṣètò ọdún tó ń bọ̀ bí ẹni pé owó rẹ̀ àtijọ́ pàápàá kò ní wá.

Ní ti àwọn mẹ́tàlá, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lọ sílé. Mẹ́rin la ti bá. Ọ̀kan ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn mẹ́ta yòókù sọ ohun kan náà fún wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: pé àwọn kò rí ohun tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó lálẹ́, ojú sì ń ti àwọn láti sọ ọ́. A ti pààrọ̀ iná yàrá náà, a sì ti sún àga iwájú mọ́ pátákó.